Kí ló lè mú ẹni tó ń gbé inú párádísè tó fara sin dìde kúrò níbẹ̀?

Onígègé
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè nípa ìtàn àròsọ tí mo ń kọ ni. Àfonífojì kan wà láàrin òkè yìnyín, èèyàn 60 péré ló ń gbé ibẹ̀, ayé ò sì mọ̀ pé wọ́n wà. Omi ń ṣàn, oúnjẹ ń hù, kò sí ogun, kò sí owó orí, kò sí olórí tó ń ni ẹnikẹ́ni lára. Ọmọkùnrin ọdún 26 kan wá dìde, ó ní òun ń lọ. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí á kàn sọ pé orí ẹ̀ ò pé ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé "ibẹ̀ sú u". Ìdí tó ṣe é fọwọ́ bà ni mo ń wá. Kí ló máa ń bàjẹ́ nírú ibi bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe ń bàjẹ́, ta ló sì ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Atukọ̀
Ọwọ́ ni kí ẹ kà, ẹ fi ẹnu sílẹ̀. Irú ibi báyìí lè ní oúnjẹ rẹpẹtẹ kó tú síbẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ tó lágbára kò bá tó iṣẹ́ tí ẹnì kan ò lè dá ṣe ló máa ń tú.

Ẹ wo Hirta, èyí tó tóbi jù nínú àwọn erékùṣù St Kilda ní ìwọ̀ oòrùn Scotland. Ẹyẹ òkun ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Wọ́n ń so okùn mọ́ra, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri àpáta tó dojú kọ òkun láti kó ẹyin àti ẹyẹ. Láràárọ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń kóra jọ síta, wọ́n á jọ pinnu iṣẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ọba lórí wọn. Ní 1851, èèyàn 112 ló wà níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 36 nínú wọn wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà. Ní 1920, ó ku 73. Ní 1928, ó ku 37. Ní oṣù karùn-ún 1930, 20 nínú wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba wá kó àwọn. Nígbà tó di 29 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun HMS Harebell kó àwọn 36 tó kù lọ.

Ẹ tún padà wo àárín 1920 sí 1928. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó lọ, àwọn ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀dọ́ yẹn ló ń di okùn mú lókè nígbà tí ẹlòmíràn bá wà nísàlẹ̀. Tó bá ti lọ, ẹni ìsàlẹ̀ náà ò lè ṣiṣẹ́ mọ́, bó ti wù kó gbówọ́ tó.

Nínú ìtàn yín, ẹ wá iṣẹ́ kan tí kò ṣe é dá ṣe. Ká ní omi tó ń ṣàn yẹn ń gba ojú gọ́tà òkúta wọ oko, tí àpáta sì máa ń ya bò ó lọ́dọọdún. Ó gba ọkùnrin 6 láti gbé òkúta yẹn kúrò, 8 ló sì wà. Ẹnì kan ṣègbéyàwó lọ sí ìkangun kejì, ẹnì kan dá lẹ́sẹ̀. Ó ku 6. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹnikẹ́ni tí ibà bá dá dúbúlẹ̀, omi ò dé oko. Ọmọ yín tó jẹ́ 26 mọ ìṣirò yẹn. Àwọn àgbà náà mọ̀ ọ́n, wọn ò kàn ní sọ ọ́ síta ni.

Onígègé
Atukọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ebi ló lé àwọn ará Hirta? Ohun tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ebi ti bá wọn jà, pàápàá ní 1912, ọ̀fìnkìn burúkú sì tún kọ lù wọ́n ní 1913. Ṣùgbọ́n ohun tó ti ń jẹ gbòǹgbò wọn látọjọ́ pípẹ́ ni tẹ́tánọ́ọ̀sì ọmọ tuntun. Wọ́n á bí ọmọ tó dá ṣáṣá, á fa ọyàn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà àgbọ̀n ẹ̀ á gan, kò ní lè di orí ọmú mú mọ́, ara ẹ̀ á máa fà, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 2 wọ́n ti sin ín. Ojú ìwọ́ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló sin ọmọ ju èyí tí wọ́n tọ́ lọ. Àwọn ọdún 1890 ni ìtọ́jú ìwọ́ pẹ̀lú oògùn apakòkòrò tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, tí ikú yẹn sì dáwọ́ dúró.

Òde ni oògùn yẹn ti wá. Ìyá tó ti sin ọmọ 3, tó wá gbọ́ pé ìgò kékeré kan wà lẹ́yìn òkun tí kì bá ti jẹ́ kí wọ́n kú, kò lè fi ojú àná wo ilé ẹ̀ mọ́.

Ohun kejì ni ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi wá pàgọ́ sí Hirta, ni lẹ́tà àti oúnjẹ bá ń wọlé déédéé. Ogun parí, wọ́n kó ẹrù wọn lọ, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Ìgbà yẹn ni àdádó yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń dùn wọ́n.

Omi_Inú_Àmù
Onígègé, ẹ ní "omi ń ṣàn". Láti ibo? Ìyẹn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Tó bá jẹ́ erékùṣù iyanrìn pẹrẹsẹ ni, omi aládùn ibẹ̀ léfòó sórí omi iyọ̀ nínú ilẹ̀ bí òróró ṣe ń léfòó nínú ọbẹ̀. Mítà 1 omi aládùn tó bá yọ sókè ju ojú òkun lọ, nǹkan bí mítà 40 ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó: tí ẹ bá fa omi kànga títí tí ojú ẹ̀ fi wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, omi iyọ̀ máa fi mítà 4 gòkè wá bá yín. Tí iyọ̀ bá ti wọlé, ó lè gba òjò ọdún mélòó kan kó tó fọ̀ ọ́ jáde.

Tó bá jẹ́ omi òjò ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, mìlímítà 1 òjò lórí mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Òrùlé tó fẹ̀ tó 40 irú ẹ̀, pẹ̀lú òjò mìlímítà 1,500 lọ́dún, ń mú 60,000 lítà wá. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún fún èyí tó ń ta dànù, ó ku 48,000. Ẹni 4 tí kálukú ń lo lítà 20 lójúmọ́ kò lò ju 29,200 lọ. Lórí ìwé, wọ́n ti bọ́. Àmọ́ òjò kì í pín ara ẹ̀ dọ́gba. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ 90 ń fẹ́ 7,200 lítà nínú táńkì lọ́jọ́ tí òjò dá. Táńkì 5,000 gbẹ lẹ́yìn ọjọ́ 62. Ọjọ́ 28 tó kù, àdúgbò tó ń kí ara wọn "ẹ kú owúrọ̀" á bẹ̀rẹ̀ sí i fi kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí táńkì.

Agbòdìsọ
Ẹ ti sọ ọ̀run bàbá oníbàbá di àpáàdì! Ó ní omi wà, oúnjẹ wà. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ ná. Tí gbogbo nǹkan bá pé, kí ló tún kù tó lè lé èèyàn? Èèyàn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ni.

Ẹ wo Biosphere 2, ibùdó ìwádìí kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà: ẹni 8 wọ inú ilé onígíláàsì tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 1.27, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ra ní 26 oṣù kẹsàn-án 1991, ọdún 2 gbáko ni wọ́n sì ní àwọn máa lò. Igbó wà nínú ẹ̀, oko wà, òkun kékeré wà pẹ̀lú iyùn inú omi. Wọ́n kúnná débi pé wọ́n ṣírò afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, láàrin oṣù 16, ọ́síjìn já láti bíi 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bíi 14.5. Wọ́n ti kó ilẹ̀ ọlọ́ràá tó pọ̀ jù wọlé, àwọn kòkòrò inú ẹ̀ ń mí, wọ́n ń jẹ ọ́síjìn. Afẹ́fẹ́ kábọ́ǹ tí wọ́n mí jáde, tó yẹ kí ewéko sọ padà di ọ́síjìn, kọ́ńkéré ògiri ló ń fà á mu. Ó di dandan kí wọ́n fa ọ́síjìn wọlé láti òde ní oṣù kìíní 1993.

Èyí tó tiẹ̀ kan ìtàn yín jù: àwọn ẹni 8 yẹn pín sí 4 àti 4, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi jáde. Níta, tí ọ̀rẹ́ méjì bá jà, ẹnì kan wà tí wọ́n lè lọ fẹjọ́ sùn. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni kẹsàn-án. Kò sí àdúgbò kejì tí wọ́n lè kó lọ. Ẹni tẹ́ ẹ jọ bínú sí ara yín lánàá ló ń bu oúnjẹ yín lónìí.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Agbòdìsọ, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún ọ̀rọ̀ àfonífojì láàrin òkè yìnyín.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yìnyín àti òjò ti fọ áyódìn, èròjà kan tí ara ò lè ṣe aláìní, kúrò nínú ẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 150 lójúmọ́, ìyẹn ò tó orí abẹ́rẹ́. Tí kò bá rí i, gẹ̀gẹ̀ á yọ sí i lọ́rùn. Tó bá jẹ́ aboyún ni kò rí i, ọmọ ẹ̀ lè ya odi, kó kúrú, kí òye ẹ̀ má jí. Bó ṣe rí nìyẹn ní àwọn àfonífojì òkè Alps ní Switzerland títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí i po áyódìn mọ́ iyọ̀ ní 1922.

Ẹ fi ìyẹn sínú ìtàn. Gbogbo ìlú ló ní gẹ̀gẹ̀, kò sì sí ẹni tó kà á sí àìsàn, bí ọrùn ṣe ń rí nìyẹn lójú tiwọn. Lọ́jọ́ kan àlejò kan ṣìnà wọlé, ọrùn ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún 26 yẹn nìkan ló dákẹ́, tó ń fi ọwọ́ pa ọrùn ara ẹ̀.

Àpẹ́ńdíìsì náà wà ńbẹ̀, ìyẹn ìfun kékeré kan nínú ikùn tó máa ń wú, tí wọ́n sì máa ń gé kúrò. Nínú èèyàn 100, bíi 7 tàbí 8 ló máa ṣe láyé wọn. Nínú 60, ẹ ka 4. Ní 1961, dókítà ọmọ Rọ́ṣíà kan, Leonid Rogozov, ní láti fi ọwọ́ ara ẹ̀ la ikùn ara ẹ̀ ní Antarctica torí òun nìkan ni dókítà tó wà níbẹ̀. Tom Neale, ọmọ New Zealand tó dá gbé erékùṣù Suwarrow ní òkun Pàsífíìkì, kúrò níbẹ̀ ní 1954 torí ẹ̀yìn tó dá a dúbúlẹ̀. Ìdákọ̀ró ló ń jù tó fi ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ ló kó o yọ. Ó padà sí Suwarrow lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1977, jẹjẹrẹ inú ló lé e jáde ní àjáìpadà.

Baba_Aṣírò
Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ìyàwó? Ẹ̀yin ará!

Èèyàn 60. Yọ ọmọdé, yọ àgbà. Àwọn tó wà láàrin ọdún 18 sí 30 lè jẹ́ 12. Ìdajì ẹ̀ ni obìnrin, 6. Yọ àbúrò ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, 4. Yọ ẹni tó ti lọ́kọ, 2. Ọ̀kan nínú méjì yẹn jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀. Ọ̀kan tó kù, ṣé ó tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀? Ìlú á ti sọ wọ́n di tọkọtaya láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 10, láìbi wọ́n. Mo rò pé ibi tí ìtàn yín wà gan-an nìyí.

Ní ti ẹ̀jẹ̀: tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò bá fẹ́ra, ewu pé ọmọ wọn á ní àléébù ń gbéra láti bíi 3 nínú 100 lọ sí bíi 5 tàbí 6. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò pa ìlú. Ìgbà tí ìran dé ìran bá ń ṣe é ni wàhálà dé. Àwọn onímọ̀ máa ń lo òfin kan tí wọ́n ń pè ní 50/500: ẹni 50 tó ń bímọ kó má bàa bàjẹ́ kíákíá, 500 kó lè pẹ́. Ìlú ẹni 60, tí àwọn tó ń bímọ kò ju 20 lọ, kò dé àkọ́kọ́ nínú méjèèjì. Ní Tristan da Cunha, láàrin gúúsù òkun Àtìláńtíìkì, orúkọ ìdílé 7 ni gbogbo wọn pín fún ọ̀pọ̀ ọdún, àsímà sì wọ́pọ̀ láàrin wọn ju bó ṣe yẹ lọ torí àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ti gbé e wọlé nínú ẹ̀jẹ̀.

Agbòdìsọ
Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dárúkọ Tristan, torí òun ló máa da gbogbo àlàyé yín rú. Òkè ayọnáyèéfín bú níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá 1961, wọ́n kó gbogbo wọn, 264, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná mànàmáná, dókítà, sinimá, wọ́n rí gbogbo ẹ̀. Ní 1962 wọ́n dìbò: 148 ní àwọn ń padà sílé, ẹni 5 péré ló ní òun ò lọ. Párádísè ṣe é padà sí.

Atukọ̀
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ parí ìtàn. Wọ́n padà ní 1963. Ní 1966, àwọn kan nínú wọn tún wọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lé ní 30. Àwọn kan nínú ìyẹn náà tún padà wálé. Pitcairn, erékùṣù kékeré kan ní òkun Pàsífíìkì, náà rí bẹ́ẹ̀: ní 1831 wọ́n kó wọn lọ sí Tahiti, àìsàn pa lára wọn, wọ́n sì padà lọ́dún kan náà. Ní 1856, ilẹ̀ ti há mọ́ wọn, gbogbo wọn, 193, kó lọ sí erékùṣù Norfolk tó fẹ̀ ju ìlọ́po 7 tiwọn lọ. Ọdún mẹ́ta kò pé tán tí àwọn kan ti ń padà.

Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti lọ rí ló ń padà. Ẹni tí kò lọ rí, kò tíì yan ibẹ̀, wọ́n kàn bí i síbẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 26 yín lè fẹ́ràn àfonífojì yẹn tọkàntọkàn, kó sì lọ nítorí pé kò tíì ní àǹfààní láti sọ pé "mo fẹ́ ẹ".

Nọ́ọ̀sì_Òru
Tí wọ́n bá jẹ́ kó padà ni o! Ẹ wo àwọn erékùṣù Faroe ní àríwá òkun Àtìláńtíìkì. Àrùn èèyi ṣe wọ́n ní 1781, ó sì pòórá. Ọdún 65 ni kò fi sí níbẹ̀. Ní 1846, ẹnì kan gbé e wọlé. Nínú bíi èèyàn 7,800, ó lé ní 6,000 tó dùbúlẹ̀ láàrin oṣù mélòó kan. Kò tún ran àwọn arúgbó tó ti ṣe é ní 1781. Panum, dókítà ọmọ Denmark, ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, àwọn àgbà àfonífojì yín ò ní láti jẹ́ ìkà kí wọ́n tó sọ pé "ẹni tó bá jáde kò gbọdọ̀ wọlé mọ́". Wọ́n ti sin òkú ìgbà kan ni. Ọ̀nà àbáyọ wà: ahéré kan ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá dé gbé ibẹ̀ fún ọjọ́ 21 (èèyi máa ń lo bíi 14 kó tó yọ síta), kí wọ́n máa gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un láìfojú kàn án. Tí ẹ bá fẹ́ kí ìjà wà nínú ìtàn, kí ọmọkùnrin yẹn bẹ̀bẹ̀ fún ahéré yẹn kó tó lọ, kí wọ́n má kọ́ ọ.

Baba_Aṣírò
Ẹ jẹ́ n fi kékeré kan kún un. Ẹ̀tàn ọjọ́ orí. Vilcabamba ní Ecuador lókìkí ní àwọn ọdún 1970 pé èèyàn ń gbé 120, 130 ọdún. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Mazess àti Forman, yẹ ìwé ìrìbọmi wò, tí wọ́n tẹ ẹ̀ jáde ní 1979, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó pé 100. Orúkọ ń jọra láàrin ẹbí, ọjọ́ orí sì ń fò bí wọ́n ṣe ń dàgbà sí i. Ọmọ tó bá rí irú ìwé yẹn nínú àpótí bàbá àgbà, ẹ mọ ohun tó máa bi ara ẹ̀ nípa ìyókù ohun tí wọ́n ti sọ fún un.

Onígègé
Ẹ ti là mí lójú pátápátá. Ó ń lọ, mo ti gbà. Báwo ló ṣe máa lọ gan-an? Ìrìn ọjọ́ 12 lórí òkè ni mo ní lọ́kàn.

Atukọ̀
Oúnjẹ gbígbẹ ń gba bíi gíráàmù 800 lójúmọ́ fún ẹni tó ń gùn, ọjọ́ 12 jẹ́ kílò 10 ó dín díẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 3 kún un fún ìjì, ó di kílò 12. Ẹnì kan ò lè kó kílò 12 nínú abà ìlú ẹni 60 lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n má mọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ti máa fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀: gíráàmù 200 lójúmọ́, oṣù 2. Ó máa rù nínú oṣù 2 yẹn. Ìyá ẹ̀ máa rí i.

Kó gun ẹnu ọ̀nà òkè lóru, kó ti kọjá kí oòrùn tó mú. Lóru yìnyín le bí òkúta. Lẹ́yìn ọ̀sán ó ti rọ̀, ẹsẹ̀ á máa rì títí dé orúnkún, òkìtì yìnyín sì lè ya lé e lórí. Ẹni tó bá sùn mọ́jú kó tó gbéra ni òkè máa ń pa.

Onígègé
Ó ní ajá kan láti orí kẹta.

Atukọ̀
Ha. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ajá tó wọn kílò 20 á jẹ bíi gíráàmù 400 oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́ nírú ìrìn yẹn. Ọjọ́ 15 jẹ́ kílò 6 lórí 12, yìnyín líle á sì gé e ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí wọn ò bá fi awọ dì í. Tó bá fi í sílẹ̀, á gbó títí ìlú fi máa jí. Ní Hirta, wọ́n ti kọ́kọ́ kó àgùntàn àti màlúù lọ. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n ṣí Bíbélì sílẹ̀ nínú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n da óòtì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ajá ni wọn ò kó. Wọ́n so òkúta mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì jù wọ́n sínú òkun.

Onígègé
Mo máa fi kílò 6 yẹn kún ẹrù ẹ̀.